Máàkì àwọn ọmọ gòkè, ṣùgbọ́n ṣé áàpù ló gbé e gòkè?

TíṣàÌṣirò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, kíláàsì mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Láti bíi táàmù méjì sẹ́yìn ni iléèwé wa ti ra áàpù kan tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè, tí wọ́n bá gbà á á mú èyí tó le sí i wá, tí wọ́n bá kùnà á padà sẹ́yìn. Owó ọdún kejì ti tó san báyìí, ọ̀gá àgbà wá ní kí n kọ rípọ́ọ̀tì wá, ojú ìwé kan ṣoṣo, ṣé nǹkan yìí ń ṣiṣẹ́ àbí kò ṣiṣẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Mo ṣí dáṣíbọ́ọ̀dù tí kọ́ńpìnì yẹn fún wa, gíráàfù ló kún bẹ̀: iye ìṣẹ́jú tí wọ́n lò, iye ìbéèrè tí wọ́n dáhùn, iye ìràwọ̀ tí wọ́n gbà. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé àwọn ọmọ tó ń lò ó tó 30 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ń gba máàkì ju àwọn tí kì í lò ó lọ. Mo wo ìwé máàkì tèmi náà, áfúrẹ́èjì ti kúrò ní 48 ó ti bọ́ sí 57. Inú mi dùn, mo ti gbé bírò pé kí n máa kọ ọ́ ni tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé "tẹ́ẹ̀sì kejì yẹn, ṣé kò rọrùn ju ti àkọ́kọ́ ni?" Mi ò lè fọhùn. Ó rọrùn díẹ̀ lóòótọ́. Táàmù yẹn náà ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lẹ́yìn iléèwé pẹ̀lú àwọn tí fírákíṣọ̀n ò yé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èwo ló ṣe é nínú gbogbo ẹ̀? Ẹ rántí pé èmi kì í ṣe olùwádìí o, kò sí owó, táàmù kan péré ló wà nílẹ̀.

Olóyè_Tábúlẹ́ẹ̀tì:
Tíṣà, ẹ̀yin náà ń fọwọ́ fa wàhálà. 48 sí 57! Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, wọn ò sá ní kíláàsì mọ́, máàkì gòkè, kí lẹ tún ń wá? Ẹ kọ rípọ́ọ̀tì yín jàre.

ÀwáríLobìnrin:
Olóyè, ẹ má bínú o, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, ṣé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́ ni? Ọmọ tó bá ti jókòó sí kíláàsì fún táàmù méjì, áàpù ì báà wà, ì báà má sí, ó yẹ kó mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti dàgbà sí i, wọ́n sì ti ń kọ́ ọ. Ohun tí Tíṣà fẹ́ mọ̀ gan-an ni ibi tí àwọn ọmọ yìí ì bá wà ká ní wọn ò rí áàpù yẹn rí. Èèyàn ò sì lè rí ìyẹn lára ọmọ kan náà láéláé, ìdí nìyẹn tí a fi ń wá àwọn mìíràn tó jọ wọ́n, tí a ò fún, ká lè fi wọ́n wé ara wọn.

Ti 30 ìṣẹ́jú tí kọ́ńpìnì kọ yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ta ni ọmọ tó máa jókòó ti ìṣirò fún 30 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lé e? Ọmọ tó ti fẹ́ràn ìwé tẹ́lẹ̀ ni, tàbí èyí tí òbí ẹ̀ ń ṣọ́ lójú méjèèjì. Ẹ fún irú wọn ní pẹ́ńsù àti bébà lásán, wọ́n á ṣì ṣe dáadáa. Tí ẹ bá wá ṣa àwọn yẹn nìkan, tí ẹ fi wọ́n wé àwọn tó pa áàpù tì, ẹ ò tíì wọn áàpù o, ìwà ọmọ lẹ wọ̀n. Gbogbo ọmọ tí a bá fún la gbọ́dọ̀ kà, ẹni tó lò ó àti ẹni tí kò lò ó.

Òmíràn tún wà tó máa ń tan àwa tíṣà jẹ. Àwọn tó gba máàkì tó kéré jù la sábà máa ń kó jọ pé kí wọ́n lọ lo áàpù. Nínú àwọn tó gba 20 lọ́jọ́ yẹn, orí ń fọ́ ẹlòmíì, ẹlòmíì ò ka ìbéèrè délẹ̀. Ẹ tún dán wọn wò lọ́sẹ̀ kejì láìṣe nǹkankan fún wọn, ẹ máa rí i pé púpọ̀ nínú wọn á gòkè fúnra wọn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, níbo ló tún fẹ́ já sí? Bákan náà ni àwọn tó gba máàkì tó pọ̀ jù á wálẹ̀ díẹ̀. Áàpù ò mọ nǹkankan nípa ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ méjì tí wọ́n ṣe dáadáa fún yín. Ní Peru, ìjọba pín láptọ́ọ̀pù fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbèríko lábẹ́ ètò One Laptop per Child. Iléèwé 319 ló wà nínú ìwádìí yẹn, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti mú àwọn tó kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 15, kọ̀ǹpútà ti pọ̀ débi pé ó ju ẹyọ kan lọ fún ọmọ kan níbi tí wọ́n ti pín in, ṣùgbọ́n nínú ìdánwò ìṣirò àti ti èdè, ọgbọọgba ni wọ́n wà pẹ̀lú àwọn tí kò gbà. Ká ní iye láptọ́ọ̀pù tó dé ọwọ́ ọmọ nìkan ni wọ́n kà, àríyá là bá máa ṣe.

Ní Delhi, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n tún fi kèké mú lára àwọn ọmọ tó lé ní 600, àwọn tó bọ́ sí ló ń lọ síbì kan lẹ́yìn iléèwé tí wọ́n ti ń lo sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Mindspark. Oṣù mẹ́rin ààbọ̀ péré, àwọn yẹn ti fi 0.37 standard deviation ju àwọn yòókù lọ nínú ìṣirò, wọ́n fi 0.23 jù wọ́n lọ nínú èdè Hindi. Sọ́fítíwíà yẹn kì í bá ọmọ lọ sí ibi tí kíláàsì ẹ̀ wà, ibi tí ọmọ fúnra ẹ̀ mọ̀ dé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti jìnnà sẹ́yìn kíláàsì wọn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀: ìṣẹ́jú 90 ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ìdajì ẹ̀ ni sọ́fítíwíà, ìdajì tó kù olùkọ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń kọ́ wọn ní ẹgbẹ́ kékeré. Gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni wọ́n wọ̀n, àti àfikún àkókò yẹn náà. Ẹni tó bá gé sọ́fítíwíà yẹn nìkan mú lọ ilé, mi ò mọ ohun tó fẹ́ rí.

Abẹ́rẹ́Bọ́sókun:
Ẹ̀gbọ́n, 0.37 kí ni? Ẹ bá àwa púrúǹtù sọ ọ́ kó yé wa.

BàbáDátà:
Rò ó báyìí. To ọmọ 100 sórí ìlà látorí ẹni tó mọ̀ ọ́n kéré jù dé ẹni tó mọ̀ ọ́n jù, kí o mú ẹni tó wà láàárín gẹ́lẹ́, tó ju 50 lọ. Tí o bá fún un ní 0.37 yẹn, á wá máa ju bíi 64 lọ. Ní ẹ̀kọ́, tí ìwádìí bá ṣe é mọ́, tí ìdánwò rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí gbogbo ayé ń lò, 0.20 ti ń jẹ́ nǹkan ńlá. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé áàpù òun ń mú 1.0 wá, ẹ bèèrè ta ló ṣètò ìdánwò ẹ̀.

TíṣàÌṣirò:
Ẹ ṣé gan-an ni mà, ó yé mi. Ṣùgbọ́n kèké yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Tí mo bá ní kíláàsì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì fún odidi táàmù, àwọn òbí á ya wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ni, wọ́n á ní mo sọ ọmọ àwọn di eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. Áàpù yẹn ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ kẹ̀.

BàbáDátà:
Ẹ má dù wọ́n, ẹ pààrọ̀ fún wọn ni. Nínú táàmù kan ẹ máa kọ́ wọn ní bíi orí mẹ́rin, àbí? Tó bá kan fírákíṣọ̀n, kí ìdajì ọmọ lo áàpù, kí ìdajì tó kù ṣe ìbéèrè lórí bébà. Tó bá kan áńgù, kí wọ́n pààrọ̀ àyè. Títí táàmù á fi parí, gbogbo ọmọ ti lo áàpù lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wọn ti lo bébà lẹ́ẹ̀mejì, òbí wo ló máa bínú?

Àmọ́ ohun mẹ́ta kan wà tí ẹ ò gbọdọ̀ gbójú fò. Àkókò wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, tí àwọn áàpù bá lo 40 ìṣẹ́jú kí àwọn bébà náà lo 40, kí bébà yẹn sì jẹ́ iṣẹ́ gidi tí ìdáhùn wà lẹ́yìn ẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ kàn ní kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ní áàpù ṣiṣẹ́, àkókò tí wọ́n fi kún un ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, inú kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti pín wọn, ẹ má pín kíláàsì sí kíláàsì. Kíláàsì mẹ́ta, ohun mẹ́ta péré nìyẹn o, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún ọmọ. Tí kíláàsì kan bá ń ṣe ìṣirò láàárọ̀ tí èkejì ń ṣe é ní ọ̀sán tí oorun ti ń kùn wọ́n, àárọ̀ àti ọ̀sán lẹ máa wọ̀n láìmọ̀.

Bí ẹ ṣe máa pín wọn: ẹ fún gbogbo wọn ní tẹ́ẹ̀sì kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ to orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ mú wọn ní méjì méjì bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ wá ju owó ẹyọ sókè fún méjì kọ̀ọ̀kan. Orí, kí ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sí áàpù. Ìrù, kí ẹnìkejì bọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ojú àánú yàn fún yín o, "ah ọmọ yìí nílò ẹ̀ jù", ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ á ti bàjẹ́.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó rí máàkì kankan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ iye ìyàtọ̀ tí ẹ máa pè ní nǹkan. Ọmọ yín ò pọ̀, ìyàtọ̀ 1 tàbí 2 máàkì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí máàkì jáde kí ẹ tó pinnu, ẹ máa rí ohun tí ẹ ń wá ṣáá ni, bí kò bá hàn lára gbogbo wọn ẹ á ní ó hàn lára àwọn obìnrin, bí kò bá hàn lára àwọn obìnrin ẹ á ní ó hàn lára àwọn tó ń jókòó níwájú.

ÀwáríLobìnrin:
BàbáDátà, ẹ kú làákàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìdánwò fúnra ẹ̀ kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Tíṣà, ẹ má lo kúìsì tó wà nínú áàpù láti fi wọn áàpù. Ọmọ tó ti ń lò ó ti mọ ojú ìbéèrè wọn, ó ti mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Ní 2016, àwọn olùwádìí ẹ̀kọ́ méjì kan, Cheung àti Slavin, kó àìmọye ìwádìí ẹ̀kọ́ jọ, wọ́n rí i pé níbi tí àwọn olùwádìí ti fúnra wọn ṣètò ìdánwò, èrè tí wọ́n ń rí máa ń tó ìlọ́po méjì ti ibi tí wọ́n ti lo ìdánwò tí ẹlòmíì ṣe. Wọn ò parọ́ o, ohun tí èèyàn kọ́ni ló máa ń bèèrè ni. Torí náà ẹ jẹ́ kí tíṣà mìíràn ṣètò ẹ̀, lórí bébà, kí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò rí rí wà nínú ẹ̀, àwọn tí wọ́n ti máa fúnra wọn ronú pé fírákíṣọ̀n ni èyí béèrè.

Kí tábúlẹ́ẹ̀tì sì wà ní títì pa lọ́jọ́ náà. Èyí ló jà jù lójú tèmi, pàápàá báyìí tí AI ti wọ inú gbogbo nǹkan. Ní Tọ́kì, wọ́n fi nǹkan bí 1,000 ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ṣe é pẹ̀lú GPT-4, ìyẹn AI kan tó ń dáhùn ìbéèrè tí èèyàn bá bi í. Àwọn kan lo èyí tó dà bíi ChatGPT lásán, àwọn kan lo èyí tí wọ́n ti ṣe pé kó máa tọ́ka ọ̀nà láìsọ ìdáhùn, àwọn kan ò lo nǹkankan, ìwé wọn ni wọ́n ń wò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdánṣe, àwọn tó lo èyí lásán fi 48 pásẹ́ǹtì dáa ju àwọn tí kò lò ó lọ, àwọn tó lo èyí tó ń tọ́ka ọ̀nà fi 127 jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ti lọ ra fún gbogbo iléèwé. Wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìdánwò. Àwọn tó lo èyí lásán fi 17 pásẹ́ǹtì burú ju àwọn tí kò lò ó rí. Àwọn tó lo olùtọ́ka, kò pa wọ́n lára, ṣùgbọ́n 127 yẹn ti fò lọ, wọn ò yàtọ̀ sí àwọn tí kò lò ó. Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ tí ọmọ ṣe pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ àti ohun tó kù sí i lórí tí ẹ̀rọ bá kúrò, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ẹ tún dán wọn wò lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Roediger àti Karpicke, àwọn olùwádìí nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi èyí hàn ní 2006: àwọn tó tún ìwé kà lákàtúnkà mọ̀ ọ́n jù lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n ń gbìyànjú láti rántí ẹ̀ ti lé wọn kọjá. Ọjọ́ tí ẹ bá yàn láti dán wọn wò lè yí ẹni tó borí padà.

Olóyè_Tábúlẹ́ẹ̀tì:
Ó dáa, mo gbà, mo yára sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹjọ́ tèmi o. Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ̀rọ níbi iṣẹ́ mi, ohun tí mò ń rí ni pé táàmù àkọ́kọ́ kì í jọ nǹkankan. Ìdajì tábúlẹ́ẹ̀tì ò ní iná, ọmọ gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, tíṣà ò mọ bí wọ́n ṣe ń yan iṣẹ́ fún wọn, íntánẹ́ẹ̀tì ń já. Tí ẹ bá wọn ìyẹn, tẹ́ ẹ wá ní áàpù ò ṣiṣẹ́, ṣé áàpù lẹ wọ̀n ni? Mo rántí ìwádìí tí RAND, iléeṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ṣe lórí Cognitive Tutor Algebra, ètò kan tó ń fi sọ́fítíwíà kọ́ ọmọ ní áljébrà, iléèwé 147 ní ìpínlẹ̀ méje ní Amẹ́ríkà, èsì ẹ̀ jáde ní 2014. Ọdún kìíní, òfo. Ọdún kejì, ní àwọn iléèwé girama tó ga, ọmọ tó wà ní ipò 50 nínú ọgọ́rùn-ún bọ́ sí 58. Ẹni tó bá ti pa á tì lọ́dún kìíní ò ní rí ìyẹn.

BàbáDátà:
Olóyè, òótọ́ lẹ sọ, ẹjọ́ yín sì jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé "ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀" ni orin àwọn tó ń tà á, ọdún tó ń bọ̀ kì í dé. Tíṣà, ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó ẹ kọ tábúlẹ́ẹ̀tì mélòó ló tàn, ọmọ mélòó ló rí iṣẹ́ ṣe, ìṣẹ́jú mélòó ló fi wọ́gbó. Tí ìyàtọ̀ ò bá sí, ìwé yẹn ló máa sọ bóyá àwọn ọmọ lò ó tí kò wúlò, tàbí wọn ò tiẹ̀ rí i lò. Ọ̀rọ̀ méjì nìyẹn, owó méjì sì ni.

Richard Clark, olùwádìí ẹ̀kọ́ kan, ti wí i láti 1983 pé ẹ̀rọ tó gbé ẹ̀kọ́ wá dà bí ọkọ̀ akẹ́rù lásán, kì í ṣe ọkọ̀ ló ń ṣe ara lóore, ẹrù inú ẹ̀ ni. Mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀ tán, ọkọ̀ kan wà tó ń dé ibi tí òmíràn ò lè dé, bíi kí ẹ̀rọ mọ ibi tí ọmọ 40 mọ̀ dé lọ́kọ̀ọ̀kan lójú kan náà, tíṣà wo ló lè ṣe ìyẹn? Ṣùgbọ́n ó yẹ kí Tíṣà mọ̀ pé tí áàpù bá borí bébà, ó lè jẹ́ torí pé áàpù ń sọ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀, tí bébà ń dúró di ọ̀la. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ìdáhùn wà lẹ́yìn bébà.

TíṣàÌṣirò:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, Ọlọ́run á máa fún yín lókun. Mo pe kọ́ńpìnì lánàá, mo ní kí wọ́n fún mi ní orúkọ gbogbo ọmọ wa, kí wọ́n má yọ àwọn tí kò lò ó kúrò. Ọmọ tó wọlé sí áàpù lọ́sẹ̀ yẹn nìkan ló máa ń hàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀! Wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọmọ 104 ni mo ní, àwọn tó ń lò ó tó 30 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ jẹ́ 11. Mo ka orúkọ wọn, mẹ́sàn-án nínú wọn ló ti wà lókè kí áàpù tó dé.

Mo ti sọ fún ọ̀gá àgbà pé mi ò ní lè kọ "ó ń ṣiṣẹ́" báyìí, kí wọ́n bá mi bẹ kọ́ńpìnì kí wọ́n fún wa ní táàmù kan sí i kí a tó san owó ọdún. Wọ́n bojú jẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Fírákíṣọ̀n àti áńgù ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé tí ìyàtọ̀ ò bá tó 5 máàkì nínú 50, mi ò ní pè é ní nǹkan. Tíṣà kíláàsì kejì ló máa ṣètò ìbéèrè. Ó ku ẹyọ kan tí mi ò rí sọ: ta ló máa máàkì ẹ̀? Torí èmi ni mo mọ ẹni tó lo áàpù, ọwọ́ mi lè máa yọ̀ọ̀da fún wọn láìmọ̀.

ÀwáríLobìnrin:
Kí tíṣà kejì yẹn náà máàkì ẹ̀. Kí àwọn ọmọ kọ nọ́ńbà sórí ìwé dípò orúkọ, kí ìwé tó so nọ́ńbà pọ̀ mọ́ orúkọ wà nínú dúrọ́ọ̀ yín ní títì pa títí ó fi parí. Ẹ sì po ìwé kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ tó gbé e fún un.